Ta Ló Ti Ẹ̀rọ Omi Iwájú Ilé Wa Pa?

Ìlá Ọ̀ràngún,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Màmá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, akọ kan, abo kan. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ń fi bíírò kọ ìwé yìí torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, n kò sì rò pé màá lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí o pè mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, tí o ní iṣẹ́ ìjọba tí o ti ń wá láti ọdún mẹ́rin ti bọ́ sí i, mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. O kọ́ ọmọ olọ́mọ ní lẹ́sìnnì, o ta káàdì ìpè, o fi ìwé-ẹ̀rí rẹ há abẹ́ ibùsùn, o kò sì ráhùn sí wa létí rí. Lẹ́yìn náà ni o ṣàlàyé iṣẹ́ náà. O ní ẹ̀yin ni ẹ máa yẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wò, tí ẹ máa sọ ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ, nítorí ìjọba ní òun fẹ́ dín ìnáwó kù. O ní ọ̀gá rẹ ti sọ pé ìwọ ni wọ́n máa rán wá sí Ìlá àti Ìgbájọ, torí pé ọmọ ibẹ̀ ni ọ́, o máa dá ojú àwọn ènìyàn mọ̀.

Ìgbà yẹn ni o wá rẹ́rìn-ín. O ní o ti gbọ́ nípa ìyá méjì kan ní Ìgbájọ tí wọ́n ń gbálẹ̀ ilé-ìwé, tí wọ́n jọ ń jẹ orúkọ kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá wá lónìí, èkejì á wá lọ́la. O ní, "Bàbá mi, mo ti mọ àwọn tí mo máa kọ́kọ́ mú."

 O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, o ń pe, "Hẹ́lò, hẹ́lò." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni ohùn mi lọ. Màmá rẹ bi mí pé ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú. N kò bínú sí ọ. Ẹ̀rù ló bà mí, torí pé irú iṣẹ́ yẹn ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, irú ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo sì rín.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Kí n tó bí ọ, kí n tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan tó ń mójú tó omi ẹ̀rọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kógbá sílé tipẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Omi kò tó gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà nígbà yẹn, pípín ni wọ́n ń pín in. Ìbejì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ, "Bọ̀dá" ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ irin gígùn kan, ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á ṣí ìdérí irin tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì yí i. Lónìí wọ́n á ṣí omi fún Ìsẹ̀dó, lọ́la wọ́n á ṣí i fún Ìperin. Bí àwọn obìnrin bá ti rí wọn, wọ́n á ní, "Àwọn ìbejì ti kọjá o," gbogbo ilé á sì gbé garawa jáde.

Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ gbé Màmá rẹ níyàwó, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bọ̀dá Táíwò fi ṣí omi sí ojúlé wa. Òun náà ló bá mi gé igi tí a fi pàgọ́. Ẹ̀ka igi kan ha á lẹ́yìn etí ọ̀tún lọ́jọ́ náà, ó sì di àpá. Rántí àpá yẹn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìjọba ìgbà náà wá ní owó ti tán. Wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú ní ìfaradà, pé bó pẹ́ bó yá, nǹkan á dẹ̀. Ìwé kan dé láti òkè pé níbikíbi tí ọmọ bàbá kan náà méjì bá ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá àbúrò dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa ka ìwé náà, ó họ orí. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, èwo ni ẹ̀gbọ́n, èwo ni àbúrò?

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ni mo dìde. Mo ní, "Bọ̀dá Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, sà. Òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó lu tábìlì, ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì pé kí wọ́n wá gbọ́ ọgbọ́n orí akọ̀wé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo mú bíírò, mo kọ orúkọ Táíwò, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè gún. Ohun tí àwọn baba wa fi ń bu ọlá fún ìbejì ni mo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí. Bí wọ́n bá ń yìn ọ́ pé o gbọ́n níbi tí ẹlòmíràn ti fẹ́ pàdánù oúnjẹ rẹ̀, dúró díẹ̀. Bi ara rẹ pé ta ni ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ọ̀gá mi kì í ṣe èwo ni àbúrò. Ohun tó yẹ kí n bi í ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ṣí omi fún ìlú ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Ìbéèrè náà kò wá sí mi lọ́kàn rárá, mo sì ní mo mọ̀wé.

Bọ̀dá Táíwò lọ sílé. Ó níyàwó, ó lọ́mọ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè máa jẹun kí àbúrò máa wo ẹnu rẹ̀. Ojú wọn kò yàtọ̀, ìrìn wọn kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá dá ọgbọ́n kan: Kẹ́hìndé á ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, Táíwò á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ Kẹ́hìndé ni wọ́n jọ ń jẹ́. Wọ́n jọ ń pín ohun tó bá wọlé. Gbogbo ọ́fíìsì mọ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí pé omi ń yọ.

Ó tó bí ọdún kan kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé láti olú-ìlú. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú ni olórí wọn, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti gbọ́ fìn-ín fìn-ín pé ẹni méjì ń jẹ orúkọ kan. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ń ṣí omi wá, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sì wọlé, kọ́kọ́rọ́ lórí èjìká. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta nìyí. Dírẹ́bà ní Kẹ́hìndé ni. Ọlọ́dẹ ní Kẹ́hìndé ni. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fi orúkọ Jésù búra pé Kẹ́hìndé ni. Ọ̀gá wa, tí ẹ̀rù àga tirẹ̀ ń bà, bá ní, "Ẹ bi akọ̀wé, ọ̀rẹ́ wọn ni."

Mo wo ẹ̀yìn etí ọ̀tún rẹ̀, mo rí àpá àgọ́ ìgbéyàwó mi.

Bọ̀dá Táíwò kò ṣẹ́jú sí mi, kò sì fi ojú bẹ̀ mí. Ara rẹ̀ balẹ̀, torí pé èmi ni wọ́n bi. Mo ní, "Táíwò ni, sà."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé oyún Màmá rẹ ló mú mi sọ ọ́, pé iṣẹ́ ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi. Mo fẹ́ kí ọkùnrin aláwò ojú yẹn mọ̀ pé nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ni mo mọ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tó ti òkè wá kò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ọ̀rẹ́ wọn ló fi wọ́n hàn. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n lé Kẹ́hìndé, wọ́n ní ó fi orúkọ rẹ̀ lu ìjọba ní jìbìtì. Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ìdí tí ohùn mi fi lọ nígbà tí o ní wọ́n rán ọ torí pé o dá ojú mọ̀?

N kò ní kí o parọ́. A kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìjọ tí a ti sàmì fún ọ kò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ tó kù ni pé omi ń yọ, pé iṣẹ́ náà ju ti ẹnì kan lọ, pé ẹni méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì lórí ohun tí kò tó ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn, n kò sì sọ ọ́. Bí o bá dé Ìgbájọ, má kọ orúkọ àwọn ìyá yẹn láti orí àga. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá wọn nílé-ìwé náà, wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, wo ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ohun tó mú èkejì jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí o bá rí, kọ gbogbo rẹ̀, kí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé méjèèjì ló yẹ kí ìjọba gbà síṣẹ́. Fi ọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ fa igi lé e, kó jẹ́ pé òun ló fà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú mi wá là, ó sì ti pẹ́ jù. Ìjọba ní àwọn kò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ irin náà wá sí ọ́fíìsì, wọ́n fi ti ògiri lẹ́yìn àga mi. Ẹ̀yìn mi ló wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìdérí irin ojú ọ̀nà wá dípẹtà, koríko bò ó. Ìyá mi, ìyá bàbá rẹ, tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, tún gbé garawa ó gba odò lọ. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà lọ́jọ́ kan, òṣùká lórí, omi ń dà sí i lọ́rùn. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì omi, kí ló dé omi?" Mo bá a gbé garawa náà. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.

Láàárín oṣù yẹn kan náà, ọkọ̀ tuntun méjì dé fún àwọn ọ̀gá. Dírẹ́bà ń gbé jálá lọ pọn omi lódò láti fi fọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ̀ méjèèjì pé èwo ni àbúrò nínú wọn.

Bí wọ́n bá ní owó kò sí, máa wo òkè kí o tó wo ìsàlẹ̀. Ìjọba lè ṣọ́ owó ná, n kò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, àwa náà ń ṣọ́ owó ná nílé wa. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí oúnjẹ bá dín kù, àwo bàbá ni a kọ́kọ́ ń bù kéré, ọmọ ló ń gbẹ̀yìn pebi. Ìjọba tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àwo ọmọ kò ṣọ́ nǹkan kan. Ìgbómìnà ni wá. Àwọn àgbà ní ogbó, irú àdá kan, ló mọ̀nà tí àwọn baba ńlá wa fi dé ibi tí a wà. Igbó ni wọ́n fi ogbó náà gé kí ènìyàn lè rí ọ̀nà kọjá, wọn kò fi gé àwọn tí wọ́n jọ ń rìn.

Ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan tí n kò ì tíì jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn ìbejì, àwọn òṣìṣẹ́ kóra jọ, wọ́n gé ewé, wọ́n fẹ̀hónú hàn gba iwájú ọ́fíìsì wa kọjá. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà sì gbé garawa òfìfo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n pe orúkọ mi pé, "Akọ̀wé, jáde." Mo ti fèrèsé. Mo ní iṣẹ́ ń bẹ lórí tábìlì mi. Wọn kò pọ̀ tó lọ́jọ́ yẹn, ìjọba kò sì dá wọn lóhùn. Mo máa ń rò ó pé mélòó nínú wa ló ti fèrèsé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá débẹ̀, má dúró dìgbà tí ìwé bá kan orúkọ tìrẹ. Ìpàdé wọn lè gùn, ẹlòmíràn nínú wọn lè jẹ́ aláriwo, jókòó síbẹ̀ náà. Bí wọ́n bá sì jáde, bá wọn jáde, kí o wọ bàtà tó rọ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní, "Bàbá mi, ọdún mẹ́rin ni mo fi wá iṣẹ́ yìí." Mo mọ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì ní jókòó sórí owó ìfẹ̀yìntì kí n máa kọ́ ọmọ tó ń wá oúnjẹ ní ìgboyà. N kò ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Irú yín ló yẹ kó wà níbẹ̀, bí ẹ bá lè wà níbẹ̀ láìti fèrèsé. Bí wọ́n bá sì lé ọ nítorí ohun tí o kọ, wá sílé. Iṣu wà lábà, yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ojú kò ní tì mí láti jẹ́ bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn.

Lánàá, mo gun ọ̀kadà lọ sóko Bọ̀dá Kẹ́hìndé. Láti ìgbà yẹn, a ti jọ ń kíra lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ kú àárọ̀" kò sì kọjá "ẹ kú àárọ̀." Táíwò ti kú tipẹ́, ó lọ ṣe lébìrà lọ́nà jíjìn, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo bá bàbá náà níbi tó ti ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú poro, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo sọ ohun tí n kò sọ láti ìgbà yẹn. Ó fi ọkọ́ tilẹ̀. Ó ní inú wọn máa ń dùn nígbà náà pé ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra, pé ìyá wọn pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo sọ nípa iṣẹ́ rẹ fún un. Mo rò pé á bínú. Ó gbàdúrà fún ọ, ó dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún un pé bí wọ́n bá bi í pé ta nìyí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe fún ìlú."

Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn, ọmọ mi. Bí wọ́n bá rán ọ wá, kọ́kọ́ yà sílé kí o tó lọ sí Ìgbájọ. Wàá bá ewúrẹ́ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí a ń so wọ́n mọ́, lára ẹ̀rọ omi iwájú ilé wa. Láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, o kò rí kí omi kán níbẹ̀ rí. O ti bi mí nígbà tí o wà ní kékeré, o ń fi ọwọ́ yí i, o ní, "Bàbá mi, ta ló ti ẹ̀rọ yìí pa?" Mo dá ọ lóhùn pé ìjọba ni. Ìdajì òótọ́ ni mo tún sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn.

Èmi náà wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.